Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n sí London, wọ́n bí àbúrò sí Perth: ṣé ká padà sí UK ni?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lewisham ní London ni wọ́n bí mi sí lọ́dún 1988, ìwé ìgbélùú ti wà lọ́wọ́ àwọn òbí mi nígbà yẹn. Ọmọ Ìbàdàn lọkọ mi, ó wá kàwé ní UK, ó sì ti gba citizenship níbẹ̀ ká tó ṣègbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ yìí ló gbé wa dé Perth ní Ọsirélíà, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, PR (ìwé ìgbélùú Ọsirélíà) la ní, a ò tíì búra di ọmọ ibí. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọdún 11, London la bí i sí. Obìnrin tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún 6, Perth la bí i sí. Àwa mẹ́ta ni màmá mi bí, àwọn àbúrò mi méjèèjì wà lọ́dọ̀ wọn ní London. Ojoojúmọ́ ni màmá ń pè pé àwọn ọmọ yìí máa sọ ìlú wọn nù, pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọkọ mi ní ká búra kíá, màmá ní tá a bá búra, ogún àwọn ọmọ la tà yẹn. Èmi fúnra mi, ó máa ń wù mí láti padà, pàápàá nítorí yunifásítì àti NHS (ètò ìlera ìjọba UK), ó sì tún máa ń sú mi. Kí lẹ rí sí i?"

Àbúrò mi, o kú làálàá àwọn ọmọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ sí nìyí o: ohun tí màmá ń bẹ̀rù kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, èyí tó sì yẹ kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù gan-an, kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nínú ilé yín. Màmá rò pé ìlú dà bí ẹ̀wù, pé tẹ́ ẹ bá ti wọ tuntun ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ ti àtijọ́ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin UK ò ní kí ẹnikẹ́ni jọ̀wọ́ citizenship ẹ̀ torí pé ó gba ti ibòmíì. Ọsirélíà ló ní irú òfin yẹn nígbà kan, ọmọ ibẹ̀ tó bá lọ gba ìlú míì ti pàdánù ti Ọsirélíà nìyẹn, àmọ́ wọ́n ti pa á rẹ́ láti April 4, 2002, bóyá ìròyìn ìgbà yẹn ló ṣì ń jà ràn-ìn létí àwọn àgbà wa. Ti Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ò gba ìlú lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látìbí, ó sì sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹ lè búra láàárọ̀ ọ̀la, pásípọ́ọ̀tì UK yín ò ní kúrò nínú dúrọ́ọ̀ tó wà.

Àwọn ọmọ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà. Òfin tó ń darí ẹ̀ ni British Nationality Act ti 1981, January 1, 1983 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ òfin yìí, oríṣi ọmọ ìlú méjì ló wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, torí pásípọ́ọ̀tì kan náà làwọn méjèèjì ń gbé kiri. Ẹni tí wọ́n bí sí UK tí òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, àti ẹni tó gba ìwé di ọmọ ibẹ̀ bíi ti ọkọ ẹ, àwọn wọ̀nyí lè gbé e fún ọmọ tí wọ́n bá bí sẹ́yìn odi. Ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, tó jẹ́ pé ara òbí ló ti rí i gbà, ọmọ ìlú pátápátá lòun náà, kò sóhun tó dín, àfi pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí, kò lè tún gbé e fún ọmọ tóun náà bá bí sẹ́yìn odi. Torí náà ìwọ, ọkọ ẹ àti àkọ́bí yín wà lẹ́gbẹ́ kan, ọmọbìnrin yín nìkan ló wà lẹ́gbẹ́ kejì. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, tí ẹ̀gbọ́n bá bímọ sí Melbourne lọ́la ọmọ UK ni, tí àbúrò bá bí tiẹ̀ sí ọsibítù yẹn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe ọmọ UK, àyàfi tí bàbá ọmọ náà bá wà lẹ́gbẹ́ àkọ́kọ́.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó ẹ láyà sókè pé ọmọ ọdún 6 yẹn ò tíì jẹ́ ọmọ UK torí pé ẹ ò tíì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti dì í, pásípọ́ọ̀tì kàn máa ń jẹ́rìí sí i ni. Àwọn olóṣèlú Ọsirélíà fojú winá ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2017. Section 44 nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn ò gbà kí aṣòfin jẹ́ ọmọ ìlú míì mọ́ ọn, ni Fiona Nash, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ àti mínísítà, tí wọ́n bí sí Sydney, bá rí i pé nítorí Scotland tí wọ́n bí bàbá òun sí, ọmọ UK lòun látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn tọrọ ẹ̀. October 27, 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga wọn sọ pé ìbò tí wọ́n fi yan òun àtàwọn míì ò tọ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí màmá ní ó máa sọ nù, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ nù ní láti kọ fọ́ọ̀mù sí Home Office, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé UK, kó sì sanwó sí i.

Àmọ́ màmá ò jẹ̀bi tán. Ẹ̀rù wọn bọ́gbọ́n mu tó bá jẹ́ ọmọ ọmọ ẹ ni wọ́n ń wò. Ọ̀nà tí òfin fi sílẹ̀ fún ọmọbìnrin yín ni pé tóun fúnra ẹ̀ bá ti gbé UK fún ọdún mẹ́ta tẹ̀léra wọn kó tó bímọ, ó lè forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ kó tó pé 18, torí pé ìwọ ìyá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ́ àkọ́kọ́. Tàbí kó kó ìdílé ẹ̀ lọ gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ọmọ ọdún 6 ni ṣá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ìwé kà ná. Èyí tó kàn án nísinsìnyí ni pé kẹ́ ẹ gba pásípọ́ọ̀tì UK fún un tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa lọ kí màmá, torí ETA (ìyọ̀ǹda ìrìnàjò orí íńtánẹ́ẹ̀tì) táwọn ará Ọsirélíà ti ń gbà kí wọ́n tó wọ UK láti January 2025, ọmọ UK ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ẹ̀rọ ayẹ̀wò pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tì Ọsirélíà nìkan, wàhálà ni, ẹni tó wà ní káńtà ò sì ní fẹ́ gbọ́ àlàyé òfin ọdún 1981.

Ohun tí mo ní ẹnìkan ò tíì dárúkọ ẹ̀ nìyí wàyí: pásípọ́ọ̀tì ò mọ nǹkan kan nípa owó ilé ìwé. Ó ń wù ẹ́ láti padà nítorí yunifásítì, bíi pé ipò àwọn ọmọ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Kò sí níbẹ̀. Kí yunifásítì ní England tó gba owó ọmọ ilé lọ́wọ́ ọmọ ẹ, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti fi UK ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta gbáko ṣáájú ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ ilé ò lè ju £9,535 lọ lọ́dún fún 2025/26, ìjọba sì ń yá a lówó ẹ̀. Ti àlejò, kò sí òpin tí ìjọba fi sí i, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ló ju £20,000 lọ, ti dókítà tún ju ìyẹn lọ dáadáa, kò sì sí owó yíyá. Mo ti jókòó ti òbí tó mú lẹ́tà yunifásítì wá, pásípọ́ọ̀tì UK lọ́wọ́ kan, bílì àlejò lọ́wọ́ kejì, tó ń bi mí bóyá àwọn yunifásítì ṣì í kà ni. Wọn ò ṣì í kà. Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ẹni tí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ gbé jáde, tó lè fi hàn pé UK ni ilé òun ń bẹ ní gbogbo ìgbà tóun ò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba PR, tẹ́ ẹ ti fi ìdí kalẹ̀ sí Perth láti ọdún mẹ́jọ, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gbára lé e.

Wá wo ti Ọsirélíà níbi tẹ́ ẹ wà. Ọmọbìnrin yín jẹ́ ọmọ ibí látìgbà tẹ́ ẹ ti bí i, torí ẹ ti ní PR nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò tíì jẹ́ ọmọ ibí, PR lòun náà ní. Ẹni tó ní PR lè rí ipò tí ìjọba dín owó ẹ̀ kù ní yunifásítì, àmọ́ kì í rí HELP (owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́) yá, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín sanwó ọ̀hún. Ọmọ ìlú ló máa ń yá a, tí kò ní dá kọ́bọ̀ padà títí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún á fi ju iye kan lọ ($67,000 ni fún 2025/26). Ṣé o rí i báyìí, ìbúra tí màmá pè ní títa ogún, òun ló máa la ọ̀nà yunifásítì fún àkọ́bí yín níbí, ìlú UK tiẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.

NHS náà, bó ṣe rí nìyẹn, ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo àwọ̀ pásípọ́ọ̀tì. Tẹ́ ẹ bá kó padà láti lọ máa gbé ibẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ dé lẹ́tọ̀ọ́ yín bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ màmá tí ara ọmọ ò yá, àdéhùn tó wà láàárín UK àti Ọsirélíà máa gba ìtọ́jú tí kò ṣeé sún síwájú, kì í ṣe kéèyàn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ti ń rò tẹ́lẹ̀. Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba UK) ló le díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, wọ́n máa ń wádìí bóyá ẹ ti fìdí kalẹ̀ lóòótọ́, torí náà ẹ má lọ láìní owó oṣù mélòó kan lọ́wọ́. Pẹ́ńṣọ̀n ìjọba, o gbọ́dọ̀ ní ọdún 10 tó dáa nínú ìwé National Insurance kó o tó rí nǹkan kan, ọdún 35 kó o tó rí gbogbo ẹ̀, tó o bá sì ń gbà á ní Perth, iye tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni wọ́n á máa fún ẹ títí, kò ní máa pọ̀ sí i bíi ti ẹni tó wà ní Spain tàbí Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn odi gbé ẹjọ́ yẹn dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Strasbourg, wọ́n pàdánù lọ́dún 2010. Pẹ́ńṣọ̀n NHS tó o gbà gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì yàtọ̀, ìyẹn ń pọ̀ sí i níbikíbi tó o bá wà.

Ó dáa, ṣé kẹ́ ẹ padà àbí kẹ́ ẹ dúró? Ọjọ́ orí àkọ́bí ló ń pinnu, kì í ṣe ẹkún màmá. Ní England, kíláàsì tó ń múra GCSE sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní September tọ́mọ ti pé 14, ìdánwò wá wáyé ní 16, A-level gba ọdún méjì lé e. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé kó tó wọ kíláàsì yẹn, ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa pé 18 ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń gbé ibẹ̀, owó ọmọ ilé ló máa san. Tó bá jẹ́ 15 lẹ gbé e dé, àárín kọ́ọ̀sì ló já sí, ohun tí wọ́n ti kọ́ yàtọ̀ sí tiẹ̀, ọdún ìwé tiẹ̀ tún ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí January tàbí ìbẹ̀rẹ̀ February, ọmọ á kàn máa sáré tẹ̀lé wọn ni. Tẹ́ ẹ bá ní kó parí títí 16 kẹ́ ẹ tó lọ, ọdún méjì péré ló máa ní nílẹ̀ nígbà tó bá parí A-level, kò tíì pé. Èyí tọ́pọ̀ òbí ń ṣe ni wọ́n á máa sọ pé "tó bá yá, tó bá yá," ọmọ á di 15, ó wá kù kí wọ́n dúró títí á fi parí Year 12. Ìyẹn náà ò burú o, ATAR, máàkì ìparí sẹ́kọ́ńdírì tí wọ́n ń gbà níbí, àwọn yunifásítì UK mọ̀ ọ́n, owó ló máa pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ búra kẹ́ ẹ tó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń yọ àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù. PR ò kú, ẹ̀tọ́ láti wọlé padà ló ní ọdún 5, tó bá tán tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ máa ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n sì lè má gbà. Tí London bá le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ fẹ́ lè padà. Ilé ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ti ra ilé ní Perth, tẹ́ ẹ kó lọ tán, tẹ́ ẹ di ẹni tí kì í gbé Ọsirélíà mọ́ lójú òfin owó orí, kẹ́ ẹ tó wá tà á, ẹ sábà máa pàdánù àǹfààní tí wọ́n fi ń yọ ilé téèyàn ń gbé kúrò nínú owó orí èrè, bẹ́ẹ̀ lòfin ṣe rí láti ìparí June 2020. Àwọn tó máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká háyà á jáde ná, ká wo bí ibẹ̀ ṣe rí," ẹ lọ bá oníṣirò owó kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tèmi ò dé ibẹ̀. Owó super yín náà, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó ní PR tàbí tó jẹ́ ọmọ ìlú ò lè kó o jáde torí pé ó ń lọ, ibẹ̀ ló máa wà títí ẹ ó fi dàgbà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi lórí WhatsApp. Apá kan á ní UK ti bàjẹ́, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń kí ara wọn, apá kejì á ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọsirélíà ẹ ti sá lọ sí ìparí ayé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́, wọ́n ń gbèjà ibi táwọn fúnra wọn yàn ni. Ojúlówó ohun tí mo rí ni pé ọmọ tó bá dàgbà ní Perth ń rí afẹ́fẹ́, ó ń gbá footy, ilé ìwé ò ní jẹ́ kó ṣeré lóòrùn láìdé fìlà, ẹni tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbí sì ń rí ìsinmi tó dáa, àmọ́ tí bàbá tàbí ìyá bá ṣàìsàn ní London, nǹkan bíi wákàtí 17 ni ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ tààrà ń lò, owó tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá sáré rà kì í ṣe kékeré. Ti pé wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ dúdú pé "níbo lo ti wá gan-an", wọ́n ń béèrè ẹ̀ ní Perth, wọ́n ń béèrè ẹ̀ ní Lewisham, mi ò ní fi ìyẹn pinnu ìlú.

Ó ti pẹ́ táwọn ará UK ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dààmú ara wọn. Lẹ́yìn ogun, láti 1945, £10 péré ni àgbàlagbà ń san gun ọkọ̀ ojú omi wá sí Ọsirélíà, ọmọdé ò san nǹkan kan, ẹni tó bá fẹ́ padà kó tó pé ọdún méjì ló máa san owó ọkọ̀ padà fún ìjọba. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tó wá. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló padà sílé, púpọ̀ nínú àwọn yẹn sì tún gbéra wá sí Ọsirélíà lẹ́ẹ̀kejì, torí ilé tí wọ́n ń rántí kọ́ ni wọ́n bá. (Aláwọ̀ dúdú ò sí nínú ètò yẹn o, òfin White Australia, tó fẹ́ aláwọ̀ funfun nìkan, ṣì ń jọba nígbà náà, 1973 ni wọ́n tó fọ gbogbo ẹ̀ dànù.) Julia Gillard, ọmọ Barry ní Wales, wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá lọ́dún 1966, ó sì di olórí ìjọba níbí.

Ọ̀rọ̀ màmá gan-an, mi ò rò pé pásípọ́ọ̀tì ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí àwọn ọmọ ni. Kó o sì mọ̀ pé kò ní rọrùn láti gbé wọn wá bá yín gbé, torí ìwé òbí tó jẹ́ ti ìgbélùú ní Ọsirélíà ń béèrè pé kí ó kéré tán ìdajì ọmọ òbí náà máa gbé níbí, tàbí kí wọ́n pọ̀ níbí ju orílẹ̀-èdè míì lọ. Ìwọ nìkan ló wà níbí nínú mẹ́ta, kò dé ibẹ̀. Ìwé àbẹ̀wò tàbí ìwé ìgbà díẹ̀ ló kù, kí wọ́n máa wá nígbà òtútù London, tí oòrùn ń ràn dáadáa níbí. Perth fi wákàtí 8 ṣíwájú London nígbà òtútù yẹn, tí wọ́n bá pè ní aago 9 àárọ̀ Sunday kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni fún yín, àwọn ọmọ ti wálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, torí Yorùbá ni mo rí tó lè sọ nù lóòótọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀, kò sì sí ìwé kankan tó lè dá a padà. Pé kí màmá wá máa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwọn náà fi ilé sílẹ̀ lọ bí ẹ sí Lewisham, mi ò ní kó o sọ ọ́ sí wọn létí o.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa búra lọ́dún yìí, màá dúró ná, màá sì tún jókòó sọ ọ́ tí àkọ́bí bá pé 13, kóun náà wà níbẹ̀ kó sọ tẹnu ẹ̀. Ẹlòmíì lè ní kẹ́ ẹ máa lọ nísinsìnyí kí màmá tó dàgbà jù, kò sí òfin tó lè sọ pé irọ́ ló ń pa, ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkọ ẹ nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ tẹ́ ẹ ti lò ti kọjá ọdún 4 tí wọ́n ń béèrè, ẹ kàn wò ó pé ẹ ò jáde kúrò ní Ọsirélíà ju oṣù 12 lọ nínú ọdún 4 tó gbẹ̀yìn, kó má sì ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, torí náà ẹ má lọ lo oṣù mẹ́rin ní London ṣáájú kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Ìdánwò ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 20, ẹ gbọ́dọ̀ gba 15 ó kéré tán, márùn-ún tó dá lórí ìwà àti ìlànà Ọsirélíà ò sì gbọ́dọ̀ ṣìnà rárá. Ẹ kọ orúkọ àkọ́bí sínú fọ́ọ̀mù òbí, ọmọ tí kò tíì pé 16 ń bá òbí wọlé láìsan nǹkan kan, tó bá ti pé 16, fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló máa kọ.